Irindélé Tó Fínná Ara Rẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ré gbìrì, ó yí gbìrì, ó dọ́dọ̀ Ògúnrántí, alágbẹ̀dẹ ìlú Ajégbé. Ọwọ́ Ògúnrántí mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn kan wà nínú yín tó jọ ọ́. Ẹwìrì fífín ló kórìíra jù, kò sì bímọ tí ì bá bá a fín in. Ló bá kó àlòkù ọkọ́ àti irin jọ, ó fi owú alágbẹ̀dẹ lù ú, kẹ́ngẹ́, kẹ́ngẹ́, títí ó fi di ọmọ irin: ó lójú, ó lẹ́nu, ó ń rìn gbàràgàdà.

Ojúkòkòrò tún wọ̀ ọ́. Ó ní òun á sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, kí ará ìlú lè gbé ẹ̀bùn wá.

"Ta ní ń sọ ọkọ́ lórúkọ?" ni wọ́n ń wí. Àmọ́ wọ́n gbọ́ òórùn àsáró, gbogbo wọn sì dé. Wọ́n fi iyọ̀ àti oyin kan irin lẹ́nu, wọ́n pè é ní Irindélé, wọ́n jẹun yó, wọ́n fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ délé.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúnrántí, nìkan ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń fi àdín pa á lára kó má baà dógùn-ún. Irindélé á dọ̀bálẹ̀ gbàà: "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"O ṣé, ọkọ mi."

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró kú. Irindélé fi ẹwìrì sílẹ̀, ó lọ jókòó sídìí sàréè. Òjò ń pa á, omi pupa ń ti ojú rẹ̀ kán.

Ògúnrántí jágbe mọ́ ọn: "Àwa tó lẹ́kún ti sun ún tán! Ìwọ ń ṣe kí ni?"

"Bàbá, ibì kan ń dùn mí nínú."

"Inú wo? Èmi tí mo lù ọ́, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Ò ń dógùn-ún ni. Irin ò lọ́kàn!"

Ìgbà ìgbìn dé, ọkọ́ ò sí. Ògúnrántí ní òun á yọ́ Irindélé, òun á fi rọ ọkọ́ fún ìlú.

Baálẹ̀ ní, "Ṣé ojú wa kọ́ lo ti sọ ọ́ lórúkọ? Ohun tó bá ti jórúkọ kì í padà síná."

"Àwàdà ni mo ṣe! Baálẹ̀, ọkọ́ mélòó lẹ fẹ́?"

Baálẹ̀ wúkọ́. "Mẹ́ta."

Ta ni yóò wá fín ẹwìrì? Ọ̀lẹ ò yí padà. Ó pe Irindélé kó wá fín iná tí yóò jó o. Irindélé wá. Ọmọ tó ti lá iyọ̀ ìsọmọlórúkọ kì í kọ iṣẹ́ bàbá. Ó ń fín in, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Bàbá tó bí mi, ẹ̀rù ń bà mí o.
*Owú ń ké, kẹ́ngẹ́.*
Iyọ̀ tí mo lá, kò tíì tán lẹ́nu mi.
*Owú ń ké, kẹ́ngẹ́.*
Bí mo bá jóná, ṣé n ó rí Màmá?
*Owú ń ké, kẹ́ngẹ́.*

Ògúnrántí lanu bí ẹni fẹ́ ní kó dúró. Àmọ́ ará ìlú ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ojú sì ń tì í kí wọ́n má ní irin ló ń ṣàánú. Ó panu dé.

Iná ràn yòò. Irindélé ní, "Bàbá, ó ti gbóná tó." Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọnú iná.

Ọkọ́ délé gbogbo, ìlú yọ̀. Lọ́jọ́ kejì Ògúnrántí wọ ilé àgbẹ̀dẹ, ó pariwo bí ìṣe rẹ̀: "Irindélé, fínná!"

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ìgbà náà ló sáré láti oko dé oko. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọkọ́ padà fún mi. Ọmọ mi ni!"

Baálẹ̀ dúró lórí ebè. "Ọmọ kẹ̀? Irin ò lọ́kàn, Ògúnrántí. Àbí o ti gbàgbé ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá ebè wọn lọ.

Kò pẹ́ tí ìbànújẹ́ fi pa Ògúnrántí. Kò lọ́mọ tí yóò sin ín, ni ará ìlú bá gbé ọkọ́ wá gbẹ́ sàréè. Bí ọkọ́ ṣe kanlẹ̀, kẹ́ngẹ́! Omi pupa ń kán lára gbogbo wọn, wọ́n ń fi ohùn kan wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ sá. Àwọn ìyókù ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e. Ọkọ́ ò dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n gbẹ́ sàréè tán, wọ́n sì fi erùpẹ̀ bo bàbá wọn jẹ́jẹ́. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ògúnrántí bímọ, kò tètè mọ̀ ni.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí owú ẹnu mi má dún: kẹ́ngẹ́, kẹ́ngẹ́, kẹ́ngẹ́! Ó kọ́ wa pé ohun tí a bá fẹnu ara wa sọ lórúkọ, kí á má fọwọ́ ara wa pa á torí pé a ò rí ọkàn rẹ̀. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ta ló ti rí tìrẹ rí?