Láníyọnu Tó Fẹ́ Dá Ìròyìn Ìlú Tà

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Gbogbo wa là ń pa á lówe. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a fi tù ú nínú. Ẹni tí àfẹ́sọ́nà já jù sílẹ̀, a fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ná: ta ni kò mọ̀? Ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ́wọ́ mọ̀ pé ọjà ní ọ̀nà iwájú, ó ní ti ẹ̀yìn, ó sì tún ní èyí tí ewúrẹ́ ń gbà. Kò sí ẹni tó ń jókòó ti ènìyàn láti sọ fún un pé omi ń tutù. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè di òwe, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ wà láyé tó gbà tọkàntọkàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà. Ta ni olúwarẹ̀?

Ìlú tiyín lè ní ìtàn tirẹ̀, èmi ò bá yín du ú. Ní Òkè-Àràbà, ìlú tèmi, Láníyọnu ni.

Àwọn ará Òkè-Àràbà fẹ́ràn ìwé ìròyìn púpọ̀. Mi ò ní wọ́n fẹ́ràn àtimáa rà á o. Kíkà lófẹ̀ẹ́ ni tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a yí pátákó oníwèé ìròyìn ká, wọn a na ọrùn wo àkọlé ńlá ńlá, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí wọn kò tí ì kà dé ìdí. Sùnmọ́nù aránṣọ ni olórí wọn. Sùnmọ́nù lè jà lórí ọ̀rọ̀ ìjọba títí oòrùn á fi kan àtàrí, kó tó rántí pé ẹnìkan ń dúró de ṣòkòtò nílé. Ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá ti gbóná tán, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ borí á yọ owó jáde lápò, á ra ìwé náà, kó lè fi ẹ̀rí hàn wọ́n. Bí ìwé ìròyìn ṣe ń tà ní Òkè-Àràbà nìyẹn.

Ẹni méjì ló ń tà á. Mopélọ́lá, opó kan tó ń fi iṣẹ́ náà rán ọmọ níléèwé, pàtẹ sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọjà. Láníyọnu ní tirẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹnu ọ̀nà ńlá tó wọ ọjà. Ìwé ìròyìn méjì kan náà ni àwọn méjèèjì ń tà. Ọ̀kan ni Ojúmọ́ Ire, tó ń ti Ìbàdàn wá lójoojúmọ́, òun ni gbogbo ayé ń béèrè. Èkejì ni Fèrèsé, ìwé kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìlú tó múlé gbè wá, tó jẹ́ pé àwọn aláàkàrà ló mọ ìwúlò rẹ̀ jù.

Láníyọnu kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé bí ó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ a máa wà nínú àwo ẹlòmíràn ni. Ní ọjọ́ kan ó wọ agbádá, ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó sì bá ilé iṣẹ́ Ojúmọ́ Ire ṣe àdéhùn. Wọn kò ní fún ẹnikẹ́ni ní Ojúmọ́ Ire tà ní Òkè-Àràbà mọ́, àfi òun nìkan. Òun náà kò sì ní ta ìwé ìròyìn mìíràn kankan, àfi tiwọn. Wọ́n jọ fọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n mu mínírà lé e.

Láti ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ kò ti já ìwé sílẹ̀ fún Mopélọ́lá mọ́. Ó dúró títí, nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ bá Láníyọnu ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní díẹ̀ tà nínú rẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra."

Láníyọnu rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ, Mopélọ́lá. Ojú ọ̀run tóbi. Ṣùgbọ́n ti Òkè-Àràbà, mo ti rà á."

"Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ata. Ata ń tà. Ní ti ìròyìn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà yìí báyìí, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló sì gbà kọjá."

Ó sọ ọ́ sókè, kí àwọn akàwé-lófẹ̀ẹ́ lè gbọ́. Mopélọ́lá dìde, ó nu orúnkún rẹ̀, ó ń sunkún lọ sílé. Ẹ̀rù tó bà á ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ má lọ fi iléèwé sílẹ̀.

Nígbà tí kò sí ẹni tó ń bá Láníyọnu du oníbàárà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú. Ó fi owó lé ìwé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ra Ojúmọ́ Ire gbọ́dọ̀ ra kàlẹ́ńdà mọ́ ọn, kàlẹ́ńdà èṣí tó kù tà sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ta okùn dí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé pátákó kọ́ sára okùn náà: KÍKÀ LÓFẸ̀Ẹ́ TI DÓPIN.

"Kí lẹ fẹ́ ká máa fi kàlẹ́ńdà èṣí ṣe?" ni Sùnmọ́nù béèrè láti ẹ̀yìn okùn.

"Ẹ fi máa rántí èṣí," ni Láníyọnu dá a lóhùn.

Àwọn akàwé-lófẹ̀ẹ́ bá kó ẹsẹ̀ wọn kúrò níbẹ̀, ó di abẹ́ máńgòrò lọ́dọ̀ Mopélọ́lá. Fèrèsé nìkan ló kù lọ́wọ́ obìnrin náà, wọn ò sì tìtorí Fèrèsé wá. Ibòji ni wọ́n wá gbà. Mopélọ́lá wò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó láìrí nǹkan jà lé lórí, àánú ṣe é.

"Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "bí ẹ bá ṣí ìwé ìròyìn, kí lẹ máa ń wá nínú rẹ̀ gan-an?"

Àwọn kan ní ìjọba, àwọn kan ní bọ́ọ̀lù. Sùnmọ́nù rò ó títí. "Ká sòótọ́, ara mi ni mò ń wá," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka Ojúmọ́ Ire, ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí Òkè-Àràbà níbẹ̀. Abúlé kan lẹ́bàá odò ni wọ́n pè wá."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Mopélọ́lá wọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ Fèrèsé. Ó sọ fún olóòtú wọn pé kí ó yọ̀ǹda ojú ìwé kan fún Òkè-Àràbà, òun fúnra òun ni yóò máa kó ìròyìn ibẹ̀ wá. Olóòtú kò jà á níyàn rárá. Ó ti sú òun náà kí ó máa kọ̀wé fún àkàrà.

Nígbà tí Fèrèsé máa dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àkọlé tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí: ÒJÒLÁ WỌLÉ TÍṢÀ NÍ ÒKÈ-ÀRÀBÀ. TÍṢÀ SÁ, ÌYÀWÓ LÓ PA EJÒ.

Ìlú dàrú. Tíṣà fúnra rẹ̀ sáré wá sábẹ́ máńgòrò láti ṣàlàyé pé òun ò sá, àdá lòun lọ mú. Sùnmọ́nù bi í pé ṣé òpópónà tó lọ sí gáréèjì ló tọ́jú àdá sí ni. Àwọn obìnrin gbè sẹ́yìn ìyàwó tíṣà, àwọn ọkùnrin mélòó kan gbè sẹ́yìn àdá. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, Fèrèsé ti tán pátápátá, aláàkàrà kankan ò sì rí ẹyọ kan fi di ọjà. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kan ò lọ kí ọ̀rọ̀ Òkè-Àràbà má gbóná nínú Fèrèsé.

Ní ṣọ́ọ̀bù Láníyọnu, Ojúmọ́ Ire ń ga sókè bí ebè iṣu. Àwọn tí ń jiyàn ti lọ, kò sì sí ẹni tó nílò ẹ̀rí mọ́. Inú bí i. Ó pe Mopélọ́lá lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, ó ní kí wọ́n dá a lẹ́kun títa ìwé ìròyìn ní Òkè-Àràbà, nítorí òun ti ra ọjà ìròyìn ìlú náà pátá. Bí kóòtù bá gbè é, ó parí fún Mopélọ́lá nìyẹn.

Adájọ́ Ọ̀ṣúntókí, ìyá àgbà kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ka àdéhùn náà tán, ó yọ jígí ojú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi àti ilé iṣẹ́ Ojúmọ́ Ire, Olúwa mi."

"Ìyá yìí ńkọ́?"

"Kò fọwọ́ sí i."

"Àwọn Fèrèsé ńkọ́?"

"Wọn ò sí níbẹ̀."

"Ará ìlú ńkọ́?"

Láníyọnu bojú wẹ̀yìn. Ará ìlú kún kóòtù fọ́fọ́, Sùnmọ́nù ló sì wà níwájú tó fọwọ́ lẹ́rán. "Àwọn náà ò sí níbẹ̀, Olúwa mi."

"Ó dáa," ni adájọ́ wí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ so ara yín pọ̀. Ẹ máa bá ìlérí yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi okùn tí ẹ fi so ara yín de ẹni tí kò sí níbẹ̀. Òfin ò bínú sí ẹni tó bá sáré ju ẹnikejì rẹ̀ lọ, bí ọjà ṣe ń dùn nìyẹn. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ènìyàn de ẹnikejì rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kó wá máa pariwo pé òun lòun gba ipò kìíní. Kí ìyá yìí máa ta ọjà rẹ̀. Ní ti kàlẹ́ńdà èṣí tí ará ìlú ń sọ, ẹ má fipá tà á fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Kóòtù hó yèè. Mopélọ́lá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́.

Ìtàn ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe pé inú oṣù náà gan-an ni ọba fi Láníyọnu joyè Máyégún, oyè tó ti ń fojú sọ́nà fún tipẹ́. Ó fi fọ́tò ìwúyè ránṣẹ́ sí Ojúmọ́ Ire. Ó ń tú ìdì ìwé láràárọ̀, kò rí ara rẹ̀. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní olóyè pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Mopélọ́lá, tó wà láàárín èrò lọ́jọ́ ìwúyè, ti ya fọ́tò Láníyọnu, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí Fèrèsé ní tirẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó ní ìròyìn ni ìròyìn ń jẹ́.

Wọ́n tẹ Láníyọnu gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín hàn síta. Gbogbo ìlú rí i, àfi ẹni tó ni fọ́tò. Òun kò lè gbé Fèrèsé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àdéhùn ò gbà. Kò sì lè gba ọ̀nà ńlá wọ ọjà lọ rà á, nítorí àwọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà á ní, "Olóyè, ó di ibo?" Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde. Ó la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó sì yọ láàárín àwọn aláta lẹ́yìn igi máńgòrò. Fìlà ti ṣẹ́ sí òdì, èèmọ́ lẹ̀ mọ́ agbádá rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Gbogbo àwọn akàwé-lófẹ̀ẹ́ yíjú sí i.

Sùnmọ́nù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Olóyè, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ gbà wọlé? A ò rí yín lọ́nà ńlá."

Láníyọnu wo èèmọ́ tó wà lára rẹ̀. Ó wo fọ́tò ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ Mopélọ́lá. Ìgbéraga tó kù nínú rẹ̀ bá jáde, ẹ̀rín rọ́pò rẹ̀.

"Sùnmọ́nù," ó ní, "ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn aláta fi gbè é. Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi máńgòrò mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú Fèrèsé fún un, iye tó ń tà á fún gbogbo ayé ló sì tà á fún òun náà.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Mopélọ́lá," ni Láníyọnu wí.

"Ó ti tán, Olóyè. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣa èèmọ́ yìí."

Nígbà tí àdéhùn Ìbàdàn parí, Láníyọnu kò béèrè pé kí wọ́n fún òun nìkan mọ́. Àwọn méjèèjì ń ta méjèèjì, okùn kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, tíṣà sì ń bá ọ̀rọ̀ àdá lọ.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n ló kọ́kọ́ là á jáde lẹ́nu, èèmọ́ sì wà lára agbádá rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.