Ọwọ́ Tí Ń Rọ Ọmọ

Ọ̀nà-ọ̀fun-kò-gba-méjì-lẹ́ẹ̀kan, òun àti Ikùn-ọmọ-ló-mọ-ìwọ̀n-ara-rẹ̀: àwọn awo méjì yìí ló bá Àwẹ̀ró yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́jọ́ tí ó ń fi ẹkún ṣògbérè ọmọ.

Àwẹ̀ró kò yàgàn o. Ó ti bí méjì, ó sì ti sin méjèèjì. Gbogbo ilé ní àbíkú ni wọ́n, òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bí ẹ̀kẹta, wọ́n sọ ọ́ ní Kúkọ̀yí. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó sùn, ló bá gba ọ̀dọ̀ àwọn awo lọ.

Wọ́n bi í bí ó ṣe ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é nílé ọkọ òun ni: òun a tẹ́ ẹ sórí itan, òun a di ihò imú rẹ̀, òun a fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, òun a sì máa da ẹ̀kọ sí i títí igbá yóò fi gbẹ. Bí ó bá ń sunkún ńkọ́? Ó ní ìgbà yẹn gan-an ló ń gbé e mì.

Àwọn awo ní, "Kì í ṣe àbíkú, Àwẹ̀ró. Ẹ̀kọ ló pá àwọn yẹn lórí. Rú ẹyẹlé méjì, rú epo, kí o sì gbé igbá tí o fi ń rọ ọmọ wá sídìí ẹbọ. Gbé oúnjẹ síwájú ọmọ, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Bí ó bá ti pa ẹnu dé, ó yó nìyẹn."

Ó rú ẹyẹlé, ó rú epo. Igbá nìkan ni kò gbé kalẹ̀, torí òun ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi rọ ọkọ rẹ̀ dàgbà.

Ó ń jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Kò pẹ́, ìyá ọkọ rí i pé ikùn Kúkọ̀yí kò yọ mọ́. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ebi lo fẹ́ fi pa ọmọ ọmọ mi ni? Àwọn èèyàn ń wò wá o."

Ojú ti Àwẹ̀ró. "Ẹ má bínú, Ìyá," ló wí, ó sì po ẹ̀kọ.

Ọmọ yíjú. Ó pa ẹnu dé. Ìyá rẹ̀ di ihò imú rẹ̀. Ó fẹ́ mí, ẹ̀kọ ló fà sínú. Kí wọ́n tó dojú rẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n tó gbá a lẹ́yìn, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá dé ibí yìí.

Ọdún kẹta ló tó bí òmíràn, obìnrin ni. Kí wọ́n tó kó o jáde, Àwẹ̀ró ti gbé igbá lọ fọ́ sídìí ẹbọ. Ọmọ náà ń jẹ díẹ̀, a lọ ṣeré, a tún padà wá jẹ. Ìyá ọkọ ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Àwẹ̀ró jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ yẹn dàgbà, ó bímọ. Kúkọ̀yí kò padà wá.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹni tó rúbọ tó fi ìdajì pamọ́ kò tíì rúbọ. Èyí tó rú tán ló rí ọmọ gbé jó. Bí ọmọ bá ní ó tó, ẹ gbé ọwọ́ kúrò.