Adẹ́mu Tó Fi Ọpẹ́ Bo Ìrora

Ògúnjìmí, adẹ́mu abúlé Ayégbàmí, kò jogún ilẹ̀, kò sì kọ́ṣẹ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni oko rẹ̀. Òun ló fi ń gun ọ̀pẹ bọ́ aya àti ọmọ. Ọkùnrin náà tún mọ ọpẹ́ í dá jù. Bí ẹ bá bi í pé ṣé dáadáa ni, "A dúpẹ́" ni yóò wí, ì báà jẹ́ pé oyin ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á lójú ni.

Ní ọdún kan, ibà líle dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ìtọ̀ sì ń ta á bí ata. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Wúrà, mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní kòkòrò àrùn ti wọ inú kíndìnrín rẹ̀, ó sì kọ oògùn apakòkòrò kan tó lágbára fún un. Nọ́ọ̀sì Ìbùkúnolú ló kó oògùn náà lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, omi ni kí ẹ fi gbé e mì o, ẹ má fi mílíìkì lò ó. Bí ara bá fúyẹ́, ẹ má torí ìyẹn pa á tì. Ẹ lò ó tán. Ṣùgbọ́n oògùn yìí le. Bí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí dùn yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ tètè wá bá wa."

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ni Ògúnjìmí wí.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ibà lọ, bàbá tún ń jẹ iyán. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, tó bá jí láàárọ̀, yóò máa tiro. Ìyá Wúrà ní kó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì, ó kọ̀.

"Ọmọ tó gbà mí lọ́wọ́ ikú, òun ni kí n tún lọ máa ráhùn ẹsẹ̀ fún? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má dúpẹ́?" ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń bọ́ wa ni mò ń wí o!"

Nọ́ọ̀sì náà tilẹ̀ yà kí i nílé lọ́jọ́ kan tí Ìyá Wúrà kò sí ńlé. "Bàbá, ṣé kò sí ìyọnu kankan?" Ògúnjìmí kó ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. "Kò sí o, a dúpẹ́." Ọmọbìnrin náà gbà á gbọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ni ì bá ṣe? Kì í ṣe aríran.

Lọ́jọ́ kejì, adẹ́mu gbé igbà kọ́ èjìká, ó gba ìdí ọ̀pẹ lọ. Ó fi igbà náà yí ọ̀pẹ po, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ìdí rẹ̀. Ìrora ta á láti gìgísẹ̀ dé itan, òógùn bò ó. Síbẹ̀, olóríkunkun fẹ́ tún gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì gun alùpùpù débẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé dáadáa ni?"

"A dú…" Ó gbójú sókè, ó rí bí ọ̀pẹ ti ga tó, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. "Kò dáa, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ń pa mí lọ."

Nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan gìgísẹ̀ náà. Ó ti wú. "Yéè! Bàbá, ohun tí mo bi yín lánàá nìyí! Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnu yín tó sọ̀rọ̀. Bí iṣan yìí bá já lókè yẹn, ẹ lè má gun ọ̀pẹ mọ́ láyé. Ẹ má fẹnu kan oògùn yẹn mọ́, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Dókítà fi oògùn mìíràn rọ́pò, èyí tí yóò pa ìyókù kòkòrò náà láìbá iṣan jà, ó sì ní kó fi ẹsẹ̀ sinmi. Sùúrù ni wọ́n fi wò ó. Kí òjò ọdún náà tó dá, orin Ògúnjìmí ti ń dún lórí ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kí i báyìí, kó yáa wá àga jókòó, nítorí láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni bàbá yóò ròyìn. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín ní Ayégbàmí, inú wọn sì ń dùn sí i. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe pé, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.