Irin Kẹta Nínú Ọkọ̀ Bàbá Ọdẹ́tókun

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan irin mẹ́ta yìí o!" Làmídì panẹ́bítà ló ń kìlọ̀ fún Bàbá Ọdẹ́tókun, tó fẹ́ fi ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ tí kò lórùlé gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó.

Ìpáàrà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà lu. Làmídì gbé e lé búlọ́ọ̀kù, ó fi irin dábùú ẹnu ọ̀nà méjèèjì àti àárín rẹ̀ kí ó má baà tẹ̀, kó tó gé ilẹ̀ náà kúrò.

"Ṣé afárá lò ń ṣe ni?" Bàbá ń kùn.

Bí Làmídì ṣe lọ jẹun, Bàbá mú sípánà, ó tú irin ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Ó fi pákó dábùú ihò náà, ó jókòó lé e, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó wá ń fẹnu wa ọkọ̀: "Vùùù! Píìpíì!" Kò tíì dé kọ́nà tí ọkọ̀ fi dún gbìì, tó tẹ̀ láàárín. Ilẹ̀kùn há.

Làmídì dé, ẹ̀rín pa á. "Ọkọ̀ tí kò lórùlé, tí kò nílẹ̀, ẹ tún há sínú ẹ̀!"

"Orúnkún mi ò lè gun òkè. Ibo ni kí n gbà?"

"Ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, Bàbá."

Bàbá rá pálá jáde lábẹ́ ọkọ̀, tòun ti fìlà.

Ọjọ́ márùn-ún ni Làmídì fi ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà padà sípò. Lọ́jọ́ kẹfà, Bàbá gbé irin kan dé.

"Bàbá, mẹ́ta ti tó ọkọ̀."

"Ta ló ní ti ọkọ̀? Èmi ni kí o fi dè."