Ìdí Tí Akàn Fi Ń Fẹ̀gbẹ́ Rìn

Nígbà láéláé, kí odò tó kọ́ bí a ṣe ń bínú, ọ̀kánkán ni Akàn máa ń rìn bí èmi àti ẹ̀yin. Etí odò ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nísàlẹ̀ òkè kan tó dúró ṣánṣán. Ọ̀pọ̀lọ́ àti Alángbá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀, odò kún wọlé. Ọ̀pọ̀lọ́ fò, Alángbá sáré, ó di orí òkè.

"Ẹ dúró dè mí!" ni Akàn ké. "Ìyá mi ò lè rìn mọ́, ẹ jẹ́ n pọ̀n wọ́n!"

"A ó dúró dè ọ́ lókè," ni Alángbá dáhùn. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Akàn pọn ìyá rẹ̀, ó kọjú sí òkè. Ó gùn díẹ̀, ó yọ̀, gbìì! Ó tún gùn, ó tún yọ̀. Omi ti dé orúnkún rẹ̀.

"Ọkọ mi, sọ̀ mí kalẹ̀, kí o máa lọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. N ò lọ!"

Ìyá mọ ọgbọ́n kan, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ni lọ́nà; kí ọmọ rẹ̀ má baà pàdánù ẹgbẹ́ ni kò fi tíì sọ ọ́.

"Olóríkunkun," ló wá ní, "má kọjú sí òkè mọ́. Nígbà tí mo ń ru igi, ṣé tààrà ni mo ń gùn ún? Fẹ̀gbẹ́ lọ síbí, kí o tún fẹ̀gbẹ́ lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀nà á gùn, ṣùgbọ́n ẹrù á fúyẹ́."

Akàn fẹ̀gbẹ́. Agbára tí kò gbé ìyá rẹ̀ lọ tààrà wá ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń ti ọmọlanke gun òkè mọ ohun tí mò ń wí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó dókè. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dúró títí, wọ́n rò pé odò ti gbé e lọ, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ. Akàn pè wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ọ̀nà gígùn tó dín ẹrù mi kù ni kò jẹ́ kí n bá wọn," ló wí, ó sì sunkún.

Ó gbẹ́ ihò fún òun àti ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá kú, ó wá ku òun nìkan.

Láti ọjọ́ náà ni akàn ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn, tó sì ń dá gbé inú ihò. Bí ẹ bá rí i lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò sí òkè, tí kò sí ẹrù, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.