Òkété Pààlè Sórí Iyọ̀

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ló balẹ̀ sí, ó sì bá Òkété níbẹ̀ tó ń fi imú fa òórùn. Ohun tí Òkété ń fẹ́ láyé kò pọ̀: kó máa jẹ nínú ọbẹ̀ gbogbo ilé, kó má sì dáná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iyọ̀ eérú niṣẹ́ tó ní lọ́wọ́. A máa jó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, a máa sẹ́ eérú rẹ̀, a sì máa gbé omi rẹ̀ kaná títí yóò fi gbẹ. Iyọ̀ ọ̀hún dúdú, ó sì korò débi pé nígbà tí Ìmàdò tó ń jẹ erùpẹ̀ tọ́ ọ wò, erùpẹ̀ ló fi ṣan ẹnu. Ta ni yóò rà á? Akàn ń gbé iyọ̀ funfun wá láti òdìkejì odò, ó sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú.

Ni Òkété bá gba ààfin Erin lọ, nítorí Erin ni ọba. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sunkún, ó ní iyọ̀ àjèjì ti fẹ́ pa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wọn run. Ó bẹ ọba pé kó pààlè sí ẹnu odò: ẹnikẹ́ni tó bá kó ohunkóhun gba ibẹ̀ wọlé, kó já ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ààfin. Ààlè, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àmì tí à ń so mọ́ nǹkan kí ọwọ́ olè má baà kàn án. Etí Erin tóbi, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "ìdajì" nìkan ló gbọ́.

Àmọ́ àṣà wà nílùú. Bí ẹnìkan bá bẹ ọba pé kó pààlè, wọn yóò kọ́kọ́ so màrìwò tútù sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò bá dùn gbọ́dọ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀ kí màrìwò tó gbẹ. Ológìnní tó ń yan ẹja tà wá, ó ní bí iyọ̀ bá wọ́n, ẹja òun yóò rà. Ẹtu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wá, ó ní bí òun kò bá rí iyọ̀ lá, ọmú òun yóò gbẹ. Ìgbín náà gbéra láti wá kín ààlè lẹ́yìn, nítorí iyọ̀ ló pa ìran baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìrìn Ìgbín. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì wà lọ́nà. Òkété ní kí wọ́n má fòyà, iyọ̀ ilé yóò kárí. Ló bá jókòó ti màrìwò, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó lè yá gbẹ.

Màrìwò gbẹ, wọ́n so ààlè. Akàn rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó kó iyọ̀ rẹ̀ padà sílé. Iyọ̀ funfun di àwátì.

Ẹni tó bá wá fẹ́ iyọ̀ bíńtín lọ́wọ́ Òkété yóò bu ọbẹ̀ ìgbákọ kan fún un, pẹ̀lú ẹran. Ilé dé ilé ló ń jẹ. Ó sanra débi pé ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n á ti kí ikùn káàbọ̀ tán kí orí tó dé. Ìlú ń jìyà. Ẹja Ológìnní rà tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin fi di imú. Ẹfọ̀n ń lá òógùn ọrùn ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rò pé ìfẹ́ ni. Ọmú Ẹtu sì gbẹ lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ kò lè dìde mọ́, ó kàn ń wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Ìgbà náà ni Ọ̀bọ rí i pé omijé ní iyọ̀. Ó sọ ẹkún di iṣẹ́. Wọ́n á gbé ìkòkò síwájú rẹ̀, á rántí ikú ìyá rẹ̀, ọbẹ̀ á sì dùn. Nígbà tí ikú ìyá kò pa á lẹ́kún mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún àwọn tí kò tíì kú. Ó sunkún sí àtẹ́lẹsẹ̀ Ẹtu náà lọ́fẹ̀ẹ́, Ẹtu lá a, omi ọmú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀.

Inú bí Òkété, ó wọ́ ikùn padà sí ààfin. "Kábíyèsí," ó ní, "kí ló ń pa Ọ̀bọ lẹ́kún? Ṣebí iyọ̀ òdìkejì odò tí kò wọlé mọ́ ni. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nítorí òdìkejì odò, òdìkejì odò ló ti wá. Ìdajì omijé tọ́ sí yín."

Erin ronú. Orí rẹ̀ tóbi, èrò a máa ṣìnà níbẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Wọ́n pe ìlú jọ, wọ́n gbé igbá fún Ajá, ìránṣẹ́ ọba, wọ́n ní ẹni tó bá sunkún, omijé ojú ọ̀tún jẹ́ tirẹ̀, ti ojú òsì jẹ́ ti ọba.

Ẹtu dìde láàárín èrò. "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo fara mọ́ òfin náà, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ikùn Òkété ńkọ́?"

Ọba bi í pé kí ló ṣe ikùn Òkété.

"Kí iyọ̀ òdìkejì odò tó wọ́n, ikùn yìí kò sí. Nítorí òdìkejì odò ló ṣe yọ. Ìdajì Òkété tọ́ sí yín."

Ajá pọ́n ẹnu lá.

Òkété ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Erin ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Òkété fúnra rẹ̀ ṣe là á yé òun, ó kàn ku kó yan ìdajì tí yóò já sílẹ̀: ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀? Òkété ro ti orí, ó ro ti ìdí, kò sí èyí tó fẹ́ yọ̀ǹda. Ó bú sẹ́kún, Ajá sì gbé igbá sábẹ́ ojú òsì.

"Kábíyèsí, irọ́ ni mo pa," ni Òkété wí. "Iyọ̀ tèmi kò dùn, ọ̀lẹ sì ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ààlè."

Wọ́n tú u. Akàn padà dé, Ẹtu lá iyọ̀ títí ahọ́n fi rẹ̀ ẹ́, ọmọ rẹ̀ mu ọmú, ó dìde. Ṣùgbọ́n ọba tó ti gbọ́ "ìdajì" kì í fọwọ́ òfo dìde. Ó ní bí a kò bá lè pín Òkété, a ó pín ìrù rẹ̀. Wọ́n ti ìdajì ìrù náà bọ ìkòkò iyọ̀ eérú tó ń hó, irun ibẹ̀ bó, ó funfun báláú. Bí ẹ bá rí òkété, ẹ wò ó dáadáa: ìrù rẹ̀ dúdú dé àárín, ìyókù funfun. Èyí tó funfun yẹn, ti ọba ni. Ìdí nìyẹn tí òkété kì í fi í jáde lọ́sàn-án, kí ọba má baà rántí èyí tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọba wá òfin, ẹ kọ́kọ́ fi wọn ara yín wò. Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi iyọ̀ sí i jù, ẹ bu omi sí i.