Orin Kẹsàn-án Tí Kò Fẹ́ Parí

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ sunkún. Ó kàwé ní ìlú òyìnbó, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ ohùn. Nígbà tí ó padà wálé, kọ̀ǹpútà kan, máíkì kan àti sípíkà méjì ni ó kó bọ̀, bí ẹlòmíràn ti ń kó aṣọ bọ̀. Orin hípọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a fi ń jó. Ó máa ń gba ìró fíríìjì àtijọ́ sílẹ̀, ó máa ń gba ti iná mànàmáná tí ń kùn lórí òpó àti ti òjò lórí páànù. Yóò gé wọn wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ, yóò sì tún wọn tò títí wọn yóò fi máa lù kì-kì-kì bí àyà ẹni tí ń ronú. Lórí ìlù àjèjì yìí ni ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tí ó sùn.

Bàbá rẹ̀ tí ó ti kú ni ó ń fi àwo orin tuntun kan dárò. Nígbà tí ó wà lókè òkun, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni bàbá ń pè é lórí fóònù. Ọwọ́ ọmọ a máa dí. Yóò jẹ́ kí fóònù dún títí yóò fi dákẹ́, yóò sì sọ fún ara rẹ̀ pé bí ó bá di ọ̀la òun yóò pè padà. Bàbá kì í bínú. Ohùn rẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kan náà ni nígbà gbogbo: “Àjàgbé, ṣé o ti jẹun?” Nígbà tí ó yá, bàbá kú ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ mọ́kànlélógójì ni ó kù nínú fóònù ọmọ, kò sì dá ẹyọ kan lóhùn nínú wọn.

Orin mẹ́sàn-án ni ó yẹ kí ó wà nínú àwo náà. Mẹ́jọ ti parí. Ìkẹsàn-án ni ọkàn gbogbo wọn, nítorí inú rẹ̀ ni ohùn bàbá wà. Ọkùnrin yìí gé ìbéèrè náà jáde, ó sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó máa tún un sọ. Ẹ̀rọ gbọ́ràn. “Ṣé o ti jẹun? Ṣé o ti jẹun?” Orin náà dára, ṣùgbọ́n kò ní ìparí. Ó gbìyànjú láti rẹ ohùn bàbá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ń tilẹ̀kùn mọ́ bàbá. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ẹni pé bàbá tún kú. Ó da ariwo ẹ̀rọ bò ó, ìyẹn tilẹ̀ burú ju ti ìṣáájú lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún pé lórí ikú bàbá, ọjọ́ yẹn ni ó sì ti ṣèlérí pé àwo náà yóò jáde.

Ohun mìíràn tún ń dẹ́rù bà á. Nínú ìdílé wọn, ohun ìní òkú kì í jáde síta bí àgbà ilé kò bá fọwọ́ sí i, ó sì mọ̀ pé ohùn pẹ̀lú jẹ́ ohun ìní. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni àgbà ilé báyìí. Ìkìrun ni ó ń gbé, agbẹ̀bí sì ni ó kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí màmá yìí bá sọ pé a kì í sunkún òkú àgbà, orin kẹsàn-án wó nìyẹn. Bí orin kẹsàn-án bá sì wó, mẹ́jọ tí ó kù di ara tí kò ní ọkàn.

Ó gba Ìkìrun lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Dìde, Àjàgbé,” ni màmá wí. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn, bí ìgbín tí ó gbé ilé rẹ̀ pọ̀n?”

Ó to sípíkà sórí àga. Màmá gbé àwo ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀, ó ń bó o, ó sì ń gbọ́. Lẹ́yìn orin kẹta ó gbójú sókè.

“Fíríìjì ta ni èyí tí ń ṣàìsàn?”

“Ti bàbá ni, Màmá.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ní kí àbúrò mi sọ ọ́ nù.”

Nígbà tí ó kan orin kẹsàn-án, ohùn bàbá jáde gbangba. Ọwọ́ màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. Ẹ̀rọ béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó béèrè dé ìgbà kẹwàá. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ sípíkà, kò wo ojú màmá. Àfi bí ohùn kan ṣe dáhùn láti òdìkejì títì:

“Rárá o! N kò tíì jẹun! Kí ni ẹ sè?”

Bàbá arúgbó kan tí ń tún aago ṣe ni, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Ó ti ń nu ọwọ́ bọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò rí ẹni tí ń pè é sí oúnjẹ, àfi àpótí dúdú méjì.

“Ta ní ń béèrè?”

“Àbúrò mi ni,” ni màmá wí.

“Èyí tí a sin lọ́dún tó kọjá?” Ó wo sípíkà títí, ó sì ṣí fìlà fún un. “Áà, ó ṣì láájò ènìyàn tó báyìí! Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí lóòótọ́ o.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó kọjú sí ọmọ àbúrò rẹ̀.

“Àjàgbé, ẹni tí kò bá a tan ti dá a lóhùn láti ìta. Ìwọ ńkọ́?”

“Orin ni, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé orin ni. Ta ni ó kọ́ ọ pé kí àgbà béèrè ọ̀rọ̀, kí ọmọ sì máa wò ó lẹ́nu?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lára. Láti oṣù mẹ́ta ni ó ti ń wá àbùkù orin náà ní ìparí rẹ̀, àárín gbùngbùn ni àbùkù sì wà: bàbá ń béèrè, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Bí ó ti ṣe nígbà tí bàbá wà láàyè ni ó tún fi ẹ̀rọ ṣe.

“Mo rò pé ẹ ó sọ pé kí n má sunkún òkú àgbà,” ni ó wí.

“Sunkún, bàbá rẹ ni. Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ̀bí, ẹkún kì í bà mí lẹ́rù. Bí ọmọ tuntun bá ké, ńṣe ni à ń yọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi í sílẹ̀ kí ó máa ké lọ. A ó gbé e, a ó fún un lọ́mú. Ẹkún tí a bá dá lóhùn a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fọwọ́ sí ohùn àbúrò mi. Ìwọ náà, gbé máíkì rẹ, kí o dá a lóhùn.”

Ó gbé máíkì. Ẹ̀rọ béèrè. Ó la ẹnu: “Mo ti—”

“Dúró ná,” ni màmá wí. “Ṣé o ti jẹun lónìí?”

“N kò tíì jẹun, Màmá.”

“Ìwọ ọmọ yìí! O fẹ́ purọ́ fún òkú?”

Màmá gbé iṣu tuntun kaná. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi epo pupa àti ẹja díndín jẹ ẹ́. Aláago bu iṣu tí ó pọ̀ jù, ó ní ẹ̀tọ́ òun ni, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú epo lẹ́nu, ọkùnrin náà súnmọ́ máíkì. Ẹ̀rọ béèrè. “Mo ti jẹun, Bàbá,” ni ó wí. “Mo yó. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.” Màmá sì ké láti ẹ̀yìn pé, “Ó kù díẹ̀ kí ó jẹ ìkòkò mọ́ ọn!” Ẹ̀rín aláago bọ́ sínú máíkì pẹ̀lú.

Òun tí kì í jẹ́ kí ìró eṣinṣin kan ṣoṣo ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò gé ẹ̀rín náà kúrò. Orin kẹsàn-án parí níbẹ̀, nítorí kò sí ìdí tí bàbá yóò tún fi béèrè. Ní ọjọ́ tí ọdún pé, ìdílé péjọ láti gbọ́ ọ. Orin mẹ́jọ àkọ́kọ́ mú omi jáde lójú àwọn ènìyàn. Ìkẹsàn-án bá wọn bí omi náà ṣe ń ṣàn, ó sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ìwọ tí mo ń sọ èyí fún, n kò mọ̀ ọ́ ní olórin. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tí ń pè ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, tí o sì ń sọ pé ó ti sú ọ. Bí ẹni náà bá ti lọ, má ṣe jókòó ti ìbéèrè rẹ̀ kí o máa yí i po. Wá ìdáhùn fún un, kí ẹkún rẹ lè rí ibi sinmi. Bí ó bá sì ṣì wà láàyè, ìwọ ẹni orí-ire, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Pè é kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Kí o tó pè é, jẹun ná.